Sọ́fítíwíà wo ni kí a fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní Ifẹ̀ tí kò kọ prógíráàmù rí?

Thonny ni kí ẹ lò. Yunifásítì Tartu ní Estonia ló ti wá, ọ̀fẹ́ ni, Python, èdè prógíráàmù tí wọn yóò fi kọ́ ọ, sì ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ìrọ̀rùn ńlá ni fún ọmọ tó ń ra dátà ní Lágere.

Ẹ kọ prógíráàmù kékeré kan, ẹ ṣí Variables (ibi tí iye tí prógíráàmù ń tọ́jú ti ń hàn) lábẹ́ View, ẹ tẹ Ctrl+F5 kó bẹ̀rẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, kí ẹ wá máa tẹ F7 láti lọ síwájú. Ẹ ó rí bí Python ṣe ń ṣírò ìlà kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ èsì tó ń retí sínú ìwé kó tó tẹ bọ́tìnì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìran lásán ló ń wò.

Ẹ ṣọ́ input(), àṣẹ Python tó ń gba ohun tí èèyàn bá tẹ̀: ọ̀rọ̀ ló ń dá padà, kì í ṣe nọ́ńbà. Bí ẹ bá fi input() gba 5 àti 3, tí ẹ sì ro wọ́n pọ̀, 53 ni yóò jáde. Ẹ fi int() yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí nọ́ńbà.