Ọgbà wo la lè mú àwọn ọmọ lọ l'Ékìtì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. London là ń gbé, a sì ń kó àwọn ọmọ lọ sílé, sí Adó-Èkìtì, fún Kérésì, ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni èyí àgbà, ẹyẹ ló sì máa ń yà sínú ìwé tá a bá ti dé Kew Gardens. Àbúrò rẹ̀ ò mọ̀ ju kó máa sáré kiri. Ọkọ mi ní kò sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ l'Ékìtì, ká kúkú lo ìsinmi wa ní Èkó. Ibo lẹ̀yin máa ń mú àwọn ọmọ yín lọ? (Màmá Àdùkẹ́)

Ìdáhùn: Màmá Àdùkẹ́, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Bàbá Àdùkẹ́ ò parọ́. Ọgbà tí wọ́n ti kọ orúkọ sára igi kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ́ ilé gíláàsì bo ọ̀pẹ kí òtútù má pa á, èmi ò rí irú ẹ̀ l'Ékìtì. Ta ló sì fẹ́ bo ọ̀pẹ l'Ékìtì? Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìyẹn lọ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé London ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ padà sí Kew, sí Palm House, ilé gíláàsì tí wọ́n kọ́ láàárín 1844 sí 1848. Ọ̀pẹ wà níbẹ̀, kòkó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ya kòkó yẹn. Tó bá dé oko nílé, tó rí i bó ṣe so mọ́ ìtì igi gan-an, tí wọ́n là á, tó lá omi funfun ara kóró ẹ̀, yóò mọ ohun tó ń wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí British Museum. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ̀rẹ́ l'Ékìtì, wà lọ́wọ́ wọn, Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n gbé e wá fún àfihàn ní Wembley lọ́dún 1924, ojú àwọn òyìnbó wọ̀ ọ́, ni wọ́n bá fi ìtẹ́ tí wọ́n kàn níbí ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọba. (Ẹ má bi mí ta ló jèrè.) Ọba wà lára ẹ̀ tó jókòó, òyìnbó tó wá kí i náà wà níbẹ̀, èèyàn ló gbé e rù. Ẹ yẹ ìkànnì wọn wò kẹ́ ẹ tó jáde, torí kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń gbé síta. Òpó kan tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin kan náà wà ní Chicago, ẹyẹ bà lé orí adé ọba. Ẹ wá àwòrán ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọmọ yín, torí ẹyẹ ni tiẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé Ìkẹ̀rẹ́, á mọ ilé tí ilẹ̀kùn yẹn ti kúrò. Òkè Olósùnta wà nílùú náà. Ibi ọ̀wọ̀ ni, ẹ bèèrè lọ́wọ́ onílé kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn.

Ẹyẹ ò ní kẹ́ ẹ rìn jìnnà. Ẹ wá ọ̀pẹ tí ẹ̀ga ti gbà. Akọ ló ń hun ìtẹ́: á fẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ ní tín-ín-rín, á máa kì í bọ inú ara wọn, á so ó. Tó bá ṣe tán, á dorí kodò sára ìtẹ́, á máa gbọn ìyẹ́, á máa pariwo pé kí abo wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí abo ò bá gbà, á tú u palẹ̀, á tún òmíràn hun. Ìtẹ́ tó bá já bọ́, ẹ fún ọmọ kó tú u wò. Lékèélékèé náà á ti dé, torí ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹ sì rántí bá a ṣe máa ń na èékánná sí i lọ́mọdé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé odídẹrẹ́ wá tà fún yín, ẹ má rà á: láti 2017 ni òfin àgbáyé ti de òwò èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Ti àbúrò rẹ̀ ni Fajuyi Park, láàárín Adó. Ère Fajuyi wà níbẹ̀, ọmọ Adó tó jẹ́ gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò ẹ̀, Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, lóṣù Keje 1966.

Ẹ fún Ìkọ́gòsì ní ọjọ́ kan gbáko. Ẹ máa sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ síbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé; kí àwọn ọmọ ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí, ẹsẹ̀ kejì bọ tọ̀hún. Igi ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ bẹ màmá àgbà kó tẹ̀ lé yín, tàbí kẹ́ ẹ fún àgbẹ̀ kan lówó kó máa pe orúkọ igi fún wọn, torí àwa òbí gan-an, kúrò lórí ìrókò àti máńgòrò, kí la mọ̀? Ẹ bi àwọn ará ilé bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ gba awakọ̀ tí wọ́n mọ̀, ẹ jáde ní ìdájí, kẹ́ ẹ sì ti wọ Adó padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá Ìbejì, Manchester