Sípíkà tòkúnbọ̀ fún ampílífáyà wáàtì 50: ohun tí ẹ máa wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ampílífáyà yín jẹ́ wáàtì 50 sí 8 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó), ẹ fẹ́ pààrọ̀ sípíkà pálọ̀, ẹni tó ń tà á sì ní kí ẹ gbé èyí tí wọ́n kọ wáàtì 300 sí lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Iye yẹn kò sọ bí yóò ṣe dún tó. Ohun tí sípíkà lè gbà mọ́ra kó tó jóná ló ń sọ. dB, ìyẹn ìwọ̀n bí ó ṣe ń dún sókè tó lórí agbára kan náà, ni kí ẹ wá lára rẹ̀. Sípíkà 90 dB á fi wáàtì 25 dún dé ibi tí ti 87 dB á ti jẹ wáàtì 50 tán, torí bí dB bá fi 3 lé, ìdajì agbára ló ń béèrè. Tiyín, 89 sókè ni kí ẹ mú.

Bí ẹ̀yìn ampílífáyà bá ní 8 ohm ló kéré jù, ẹ má fi 4 ohm sí i. Ẹ má sì so sípíkà 8 ohm méjì pọ̀ sójú kan náà, 4 ni méjèèjì máa dà. Ampílífáyà á gbóná, transistor, ẹ̀yà tó ń gbé agbára jáde nínú rẹ̀, á lọ.

Ọ̀rọ̀ tòkúnbọ̀ ló gba sùúrù. Ẹ ṣí aṣọ iwájú rẹ̀, kí ẹ fi ìka kan fóòmù tó yí kóònù (ojú tó ń mì) wúfà, ìyẹn sípíkà ńlá tó ń gbé báàsì jáde, ká. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó fi dúdú sílẹ̀ bí èédú, ooru ti jẹ ẹ́. Èyí tó jẹ́ rọ́bà máa ń pẹ́ jù ú lọ. Ẹ wá fi ìka ọwọ́ méjèèjì ti kóònù wọlé jẹ́jẹ́, kó lọ déédéé. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó ń ha, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká sí ẹ̀yìn kóònù, ti ń fara gbo irin, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ mú mítà tó ń wọn ohm dání. Sípíkà 8 ohm máa ń ka nǹkan bíi 5.5 sí 7, ti 4 ohm á ka bíi 3 sí 3.5. Bí kò bá ka nǹkan kan, kọ́ìlì ti já. Mítà ò lè rí tweeter, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín jáde, o, torí kàpásítọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná mítà kọjá. Orin àpàlà ni kí ẹ fi dán ìyẹn wò: ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún ní ẹyọ ẹyọ. Bó bá dún bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ó, tweeter ti kú. Bí àpótí bá ń gbọ̀n nígbà tí àgídìgbo bá dún nísàlẹ̀, pákó ẹ̀yìn ti ń ṣí.

Nílé, wáyà onífọ́nrán 2.5 mm tó fún mítà 10. Bí ẹ bá gbé pupa sí dúdú lápá kan, báàsì á pòórá, bátìrì 1.5 V ló ń fi hàn: kóònù á fò síta bí pọ́sítífù bá kan pupa. Ẹ fi 30 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán sí àárín sípíkà àti ògiri, kí tweeter ṣe déédéé etí ẹni tó jókòó.

Bí orin bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ẹ dín in kù lójú ẹsẹ̀. Ampílífáyà tí agbára rẹ̀ ti tán ló ń pa tweeter, ì báà ṣe wáàtì 300 ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn sípíkà.