Odídẹ, Fèrèsé àti Ọmọ Inú Ilé

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí. Lyon ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ ń gbé, àgbékà kẹrin ni ilé wa wà. Àwọn ọmọ wa méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ sílé nígbà ìsinmi, wọ́n sì bá odídẹ ìyá mi ṣeré títí. Ẹyẹ ń kí wọn ní Yorùbá, wọ́n ń dá a lóhùn! Látìgbà tá a ti dé, odídẹ ni wọ́n ń bèèrè ṣáá. Ìyá mi ní agbára òun ò gbé e mọ́, kí n wá mú un. Ṣé mo lè gbé e wá sí Faransé? Bí kò bá ṣeé ṣe, irú èwo ni kí n rà, kí ló ń jẹ, kí ló sì lè ṣe ọmọ? Èrò mi ni pé bí ẹyẹ bá ń sọ Yorùbá nínú ilé, bóyá àwọn ọmọ náà á máa sọ ọ́.

Èsì

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ló yá jù, ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀: ẹ fi odídẹ màmá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, kí ẹ wá ìbátan kan tí yóò máa bá wọn tọ́jú rẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni odídẹ ti wà ní Àfikún Kìíní CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ibi tí òfin rẹ̀ ti le jù, lẹ́yìn ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Johannesburg ní 2016. Kó tó kúrò nílé, ìwé àṣẹ ìjáde láti Benin àti ìwé àṣẹ ìwọlé láti Faransé gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín, wọn á sì bi yín pé níbo ni wọ́n ti bí i. Ẹyẹ tí ọlọ́dẹ mú nínú igbó kò ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Aṣọ́bodè á gbà á, ẹ̀yin á sanwó ìtanràn. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbé e sínú àpò kò rò ó re fún yín, kò sì rò ó re fún ẹyẹ.

Èyí tí wọ́n bí ní Yúróòpù ni kí ẹ wá. Ẹ wo òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí kò ní ojú ìpadé, tí wọ́n ti fi sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Nọ́mbà orí òrùka gbọ́dọ̀ bá ti inú CIC mu, ìyẹn ìwé ẹ̀rí CITES tí wọ́n ń lò nínú Yúróòpù, kí wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú I-FAP, ìwé àkọsílẹ̀ ẹranko tí òfin Faransé ń dáàbò bò. Ẹni tó ń ta odídẹ láìní CIC, ẹ má dúró bá a ná ọjà.

Ẹ bi mí ní oúnjẹ, ẹ bi mí ní ìwé, ẹ ò bi mí ní fèrèsé. Àgbékà kẹrin tí ẹ kọ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Nílé tiwa, odídẹ gba ẹnu ọ̀nà bákónì jáde. Kò lọ jìnnà. Orí igi tó kọjú sí wa ló bà sí, ó sì ń ké. Kí àgbà kankan tó dìde, ọmọ ti sáré síta, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá irin bákónì, ó na ọwọ́ sí igi. Ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ la fi fà á padà. Ẹyẹ wálé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohunkóhun ò ṣe é. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ni mo ṣì ń rí títí di òní, ó ti dàgbà, ó tiẹ̀ ní òun ò rántí.

Ìdí tí ẹyẹ kò fi padà yé mi nísinsìnyí. Ẹyẹ inú ilé mọ bí a ṣe ń fò gòkè. Sísọ̀kalẹ̀ láti ibi gíga ni kò mọ̀, torí kò síbi tó ga tó bẹ́ẹ̀ nínú iyàrá tó ti lè kọ́ ọ. Bó bá ti bà sórí igi, á máa wo ẹ̀yin ará ilé, á máa ké, kò sì ní lè wá. Ọmọ tó ń wò ó á rò pé òun ló ń pè kóun wá gbé e. Èkejì sì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ: "máa bọ̀" la fi kọ́ ẹyẹ náà láti wá sí ọwọ́, Faransé ni ọmọ fi ń pè é. Ẹyẹ gbọ́ ariwo, kò gbọ́ ìpè.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí ọmọ náà kò fi mọ "máa bọ̀" lẹ́nu. Ó gbọ́ ọ, kì í sọ ọ́ ni. Iṣẹ́ òru, ilé ìwé, olùkọ́ tó ní ká máa sọ Faransé fún un nílé kó má baà rẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà mọ gbogbo rẹ̀. Ká ní ní Kétu ni, gbogbo agbo ilé ni ì bá ti rí ọmọ yẹn kó tó dé ìdí irin. Ṣùgbọ́n kò sí Kétu ní àgbékà kẹrin.

Nítorí náà, kí ẹyẹ tó dé, ẹ kọ́ àwọn méjèèjì pé bí ó bá jáde, wọn ò gbọ́dọ̀ dé bákónì. Kí wọ́n pe àgbà, kí wọ́n jókòó sílẹ̀. Ẹ mú kí wọ́n ṣe é lójú yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà á ní òun ti gbọ́, kò ní rántí lọ́jọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀n tí ẹ máa fi dí fèrèsé àti bákónì. Àwọ̀n ẹ̀fọn oníke kò ju oúnjẹ àárọ̀ lọ lẹ́nu odídẹ. Àwọ̀n onírin tí wọ́n fi zinc bò, irú èyí tá a fi ń ṣe àgò adìẹ nílé, burú jù: á máa họ zinc náà jẹ díẹ̀díẹ̀, títí á fi di májèlé lára rẹ̀. Á máa bì, á máa gbọ̀n, kò ní lè dúró lórí igi ìdúró rẹ̀ mọ́. Inox ni kí ẹ rà, kí férémù rẹ̀ jẹ́ irin, kí ẹ fi síkúrù dè é, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Bákan náà ni àgò: ẹ má ra àlòkù tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, torí òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Àlàfo àárín irin àgò odídẹ kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ gé ìyẹ́ apá rẹ̀, kí ọkàn yín balẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Odídẹ tó giramu 400 sí 500. Bí wọ́n bá gé ìyẹ́ rẹ̀ jù, á máa já lulẹ̀, eegun àyà rẹ̀ á sì fọ́. Bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn àgbékà kẹrin ṣì lè gbé e lọ, kò sì ní lágbára láti padà.

Ìpè ni kí ẹ kọ́ ọ. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ilé, pàápàá èyí tó kéré jù, lè sọ bákan náà, tàbí kí ẹ máa súfèé. Láàárọ̀ kó tó jẹun, ẹ dúró ní mítà kan sí i, ẹ fi ohun tó fẹ́ràn jù hàn án, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan. Bó bá wá, ẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá wá, ẹ má pe ìpè lórí ìpè, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Bó bá ti mọ mítà kan, ẹ lọ sí méjì, kí ẹ wá lọ láti iyàrá kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ jókòó sílẹ̀ pè é. Ẹ má fo ti kọ́bọ́ọ̀dù yìí, òun ló ń kọ́ ọ ní sísọ̀kalẹ̀. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ náà pè é lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tì í mọ́nú àgò, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Bó bá jáde náà, ẹ gbé àgò rẹ̀ àti oúnjẹ síbi tó ti lè rí i. Kí ẹni tó fẹ́ràn jù máa bá a sọ̀rọ̀, kí èrò má pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gun àkàsọ̀ lọ bá a, torí ṣe ló máa fò lọ sórí igi tó ga ju ìyẹn lọ. Bílẹ̀ bá ṣú, á dákẹ́. Ẹ ti wà lábẹ́ igi náà kílẹ̀ tó mọ́. Ìdájí ló máa ń ké, ebi á sì ti máa pa á. Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ àti nọ́mbà òrùka rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn dókítà ẹran ládùúgbò.

Oúnjẹ ò le. Hóró irúgbìn gbígbẹ nìkan ló ń pa wọ́n: kò ní Vitamin A àti kalṣíọ̀mù tó, bí kalṣíọ̀mù odídẹ bá sì lọ sílẹ̀, gìrì á mú un. Ẹ fún un ní granulés, oúnjẹ ẹyẹ tí ilé iṣẹ́ pò pọ̀, tí dókítà bá fọwọ́ sí, ẹ̀fọ́, kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún bíbọ̀. Ata ò ta á lẹ́nu rárá, ẹ fún un. Bẹ́ ẹ bá rí ẹyìn ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, inú rẹ̀ á dùn. Kò gbọ́dọ̀ jẹ píà, ṣokoléètì, àlùbọ́sà tàbí oúnjẹ oníyọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ obì, torí ohun tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì náà. Ẹ̀pà tí ẹ̀gbọ́n yín di ránṣẹ́ láti ọjà Wàǹdó, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Ẹ̀pà tó bá ti bu nínú èèpo ń ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ jẹ́. Oòrùn tó gba inú gíláàsì wọlé kò ràn án lọ́wọ́, ẹ ra iná UVB, tó ń fún un ní ìtànṣán oòrùn tí gíláàsì ń dí.

Páànù Teflon (èyí tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́) tó bá gbóná kọjá nǹkan bí 260 lórí òṣùwọ̀n Celsius ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí ẹ̀yin ò tíì mọ nǹkan kan lára. Agbada irin ni kẹ́ ẹ fi dín dòdò.

Ní ti ọmọ: ìyẹ́ odídẹ ní ìyẹ̀fun tó ń bọ́, kò dáa fún ọmọ tó ní ikọ́ fée. Bí ibà àti ikọ́ bá mú ẹnikẹ́ni nílé, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń sin ẹyẹ, kódà bí kò bá bèèrè. Ẹyẹ náà, ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Bó bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́ títí á fi ṣubú.

Yorùbá wá ńkọ́? Irene Pepperberg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà, kọ́ odídẹ kan, Alex, láti 1977 títí ẹyẹ náà fi kú ní 2007. Èèyàn méjì ló máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú ẹyẹ: ọ̀kan á gbé nǹkan sókè, á bèèrè pé kí ni, èkejì á dáhùn, á sì gba nǹkan náà. Ẹyẹ á fẹ́ gba tirẹ̀. Ẹ̀yin àti bàbá wọn, èdè wo lẹ fi ń bá ara yín jà? Òun ni ẹyẹ á kọ́. Tiwa mọ "ẹ káàárọ̀" dáadáa. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n á sì fi "bonjour" dá a lóhùn. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ kan: bí àwọn ará ilé bá gbọ́ pé ẹ ní odídẹ, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi ìkóódẹ ránṣẹ́. Ẹ má fa ìyẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Èyí tó bọ́ fúnra rẹ̀ pàápàá, òfin CITES kan náà ló dè é tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kọjá ibodè.

Odídẹ lè lo ọdún 40 sí 60. Ẹ bi ara yín pé ta ni yóò jogún rẹ̀. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi perruche ondulée méjì bẹ̀rẹ̀, ẹyẹ kékeré tó jẹ́ ìbátan odídẹ. Giramu 30 sí 40 ni wọ́n, ọdún 5 sí 10 ni wọ́n ń lò, wọn ò nílò CIC. Akọ, èyí tí òkè imú rẹ̀ máa ń jẹ́ búlúù bó bá dàgbà, lè sọ̀rọ̀, ó kàn máa ń yára ni. Ẹ ra àwọ̀n inox náà fún wọn, kí ojú rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.