Èsì: Ibi tí ìdarí òṣìṣẹ́ ti yàtọ̀ sí ètò ṣíṣe
Ẹ béèrè ohun tó ya ìdarí òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ètò ṣíṣe. Ètò lè parí sórí ìwé, ṣùgbọ́n ìdarí kò tíì bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí ọ̀gá bá kojú ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, tí ó ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ àti ìdí rẹ̀ fún un. Láti ọdún 1916 ni Henri Fayol, onímọ̀ nípa ìṣàkóso iṣẹ́ tó jẹ́ ará Faransé, ti ka àṣẹ pípa mọ́ iṣẹ́ alákòóso, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀gá kan ṣoṣo ni kí òṣìṣẹ́ máa gbàṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: olórí ẹ̀ka ní kí akọ̀wé tẹ ìròyìn owó, ọ̀gá àgbà ní kí ó pa á tì, kí ó tẹ lẹ́tà, bí ọ̀kankan kò bá parí, akọ̀wé ni wọn yóò bá wí.