Ohun tí polinómíà ń ṣe lára lẹ́tà tí a ń yà

Àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ gíráfíìsì ní Mọ́kọ́lá, o béèrè ohun tí ẹni tó ń ya lẹ́tà àti àmì ilé-iṣẹ́ fẹ́ fi polinómíà ṣe, o sì fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Polinómíà ni àròpọ̀ bíi 2x³ + 5x + 1; nọ́ńbà kékeré tó wà lórí x ni a ń pè ní agbára. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí n'Ìbàdàn, láti ìgbà tí a ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó, ohun tí mo sì lè sọ fún ọ ni pé o ti ń lò ó kí o tó mọ̀ pé ó wà. Nígbàkígbà tí o bá di ọwọ́ kékeré méjèèjì tó yọ lára ìlà lójú kọ̀ǹpútà mú, tí o sì fà wọ́n kí ìlà náà lè tẹ̀, polinómíà ni kọ̀ǹpútà ń ṣírò, ọ̀kan fún ìbú, ọ̀kan fún òòró, agbára tó sì ga jù nínú wọn kò ju mẹ́ta lọ.

Àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n wá irú ìlà yìí. Paul de Casteljau ti rí ọ̀nà rẹ̀ ní Citroën ní 1959, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà fi í ṣe àṣírí; Pierre Bézier ti Renault gbé tirẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1960, orúkọ rẹ̀ ló sì mọ́ ìlà náà lára.

Mi ò ní kí o há fọ́múlà sórí. Mú pépà gíráàfù, kí o fi pẹ́ńsù fi àmì mẹ́rin sí i: ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ọwọ́ kìíní, ọwọ́ kejì àti òpin ìlà. Jẹ́ kí gíga wọn jẹ́ 0, 6, 6 àti 0. Láti mọ ibi tí ìlà yóò ga dé ní àárín, sọ gíga ọwọ́ méjèèjì di ìlọ́po mẹ́ta, ro wọ́n pọ̀ mọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin, kí o wá fi 8 pín àròpọ̀ náà. Àròpọ̀ náà jẹ́ 36, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 4.5. Ọwọ́ wà ní 6, ìlà kò kọjá 4.5! Ẹni tó bá ti fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí kò tún ní máa fa ọwọ́ kiri bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sínú iyanrìn.

Kò sí polinómíà tó lè ya ìlà róbótó tó pé pérépéré. Ìlà mẹ́rin ni mo fi ń so O tó rí róbótó, gígùn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan a sì jẹ́ nǹkan bí 0.552 ìdajì ìbú rẹ̀. Àléébù tó kù kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Bákan náà ni mo ṣe ń ya àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ, tí àwọn kan máa ń fi sílẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe ara lẹ́tà.

Má ṣe rò pé bí agbára bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìlà yóò ṣe máa dára sí i. Carl Runge, ọmọ Jámánì, ti fi hàn ní 1901 pé bí a bá fi dandan mú polinómíà kan ṣoṣo la àmì púpọ̀ tí àlàfo wọn dọ́gba kọjá, ó lè máa fì sókè sódò ní ìpẹ̀kun méjèèjì, bí àmì sì ṣe ń pọ̀ sí i ni fífì náà ń le sí i. Nítorí náà ni a ṣe ń so ìlà kéékèèké pọ̀, ibi ìsopọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ sì wà. Oníbàárà kan gbé S kan tí ẹlòmíràn yà wá kí n fi ṣe pátákó; ó dán lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ ọ́ di ńlá, kókó kan yọ ní ìbàdí rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ méjì tó pàdé níbẹ̀ kò sí lórí ìlà tààrà kan náà. Mo tò wọ́n sórí ìlà kan, kókó náà sì pòórá.

Bí o bá fẹ́ sọ lẹ́tà rẹ di fọ́ńtì TrueType, irú fáìlì kan tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, agbára méjì ni ìyẹn ń lò, àmì orí ìlà yóò sì pọ̀ sí i. Parí àtúnṣe rẹ nínú agbára mẹ́ta kí o tó yí i padà.