Ohun tí ènìyàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ló ń yí i padà

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Oǹdó ni wọ́n fi ọ́ sí láti kọ́ṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn, pé wọ́n mú ọmọbìnrin kan láti SS2 wá bá ọ torí pé kò fẹ́ wọ kíláàsì mọ́. O bá a sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun rẹ fi gbẹ, "bẹ́ẹ̀ ni mà, mo ti gbọ́ mà" ló ń dáhùn, àmọ́ nǹkan kan ò yí padà. Bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí fóònù tuntun, ìyẹn náà ò ṣiṣẹ́. O wá ń béèrè bóyá torí ìdánwò nìkan ni wọ́n ṣe kọ́ wa ní gbogbo tíọ́rì wọ̀nyẹn, ìyẹn àlàyé àwọn onímọ̀ nípa bí ọkàn ènìyàn ṣe ń yí padà.

Rárá o. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Àkúrẹ́, àwọn tíọ́rì yẹn ló sì ń gbé mi ró lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu mi. Ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti fi yé mi pé ibì kan náà ni púpọ̀ nínú wọn forí lé: ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ló ń mú un yí ìhà tó kọ sí nǹkan padà, kì í ṣe ohun tí a rọ sí i létí.

Èyí nira fún wa nílẹ̀ Yorùbá. Àgbà ló ń sọ̀rọ̀, ọmọdé ló ń gbọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni mà" tí ọmọ yẹn ń wí, ọ̀wọ̀ ló fi ń bù fún ọ. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Kò sọ pé òun gbà. Tí mo bá ti gbọ́ ọ léraléra lẹ́nu ẹnì kan, ńṣe ni mo máa ń dákẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà lágbègbè Ọjà Ọba níbí. (Ó gbà kí n máa fi ọ̀rọ̀ òun kọ́ni, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.) Ìyá rẹ̀ ló mú un wá. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti gbé e dè. Owó tó yẹ kó máa san fún ẹni tó ni ọ̀kadà ló ń kó síbẹ̀. Pásítọ̀ ti bá a wí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti halẹ̀ mọ́ ọn. Ó jókòó síwájú mi, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà po lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé, "Èmi ò lè gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Ìwọ lo máa pinnu." Ìyá rẹ̀ ranjú mọ́ mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó lọ dúró dè wá níta. Jack Brehm, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ yẹn, ló là á yé wa lọ́dún 1966 pé bí ènìyàn bá ti rí i pé wọ́n fẹ́ gba òmìnira òun, ohun tí wọ́n ní kó má ṣe gan-an lá túbọ̀ máa wù ú. Gbogbo ilé ló ti ń fà á sápá ọ̀tún, òun náà sì ti gbó sí fífà sápá òsì.

Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, "Kí ni tẹ́tẹ́ ń ṣe fún ẹ tó dáa?" Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní láti ìgbà tóun bá ti já tíkẹ́ẹ̀tì títí bọ́ọ̀lù á fi parí, ìgbà yẹn nìkan ni òun kì í ronú gbèsè. Ohun tí Carl Rogers ń wí lọ́dún 1957 nìyẹn: ká jẹ́ olóòótọ́ níwájú ẹni tó wá bá wa, ká gbà á bó ṣe rí láìfi àdéhùn kankan sí i, ká sì gbìyànjú láti rí ayé láti ojú tirẹ̀. Àwọn kan rò pé àkẹ́bàjẹ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ kò ráyè yẹ ara rẹ̀ wò.

Mo wá lo ìbéèrè kan tí mo kọ́ lára ọ̀nà William Miller, ẹni tó kọ̀wé lọ́dún 1983 nípa bí a ṣe ń bá àwọn tí ọtí ń dà láàmú sọ̀rọ̀, kí òun àti Stephen Rollnick tó jọ mú un gbòòrò. "Láti orí òdo dé orí mẹ́wàá, báwo ló ṣe ṣe pàtàkì sí ẹ tó pé kí o jáwọ́?" Ó ní mẹ́ta. Àbúrò mi, ibí yìí ni kó o ti fara balẹ̀. Tó o bá bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta péré, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwíjàre tẹ́tẹ́ fún ọ. Mo ní, "Kí ló dé tí kì í fi ṣe òdo?"

Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó ní, "Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi yan àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù báyìí. Ó mọ orúkọ wọn ju orúkọ ẹbí wa lọ. Mi ò fẹ́ kó rí bí tèmi." Mi ò fi ìwàásù kankan lé e. Ohun tó sọ náà ni mo sọ padà fún un, mo sì ní kó máa bá a lọ. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.

Leon Festinger ti ṣàlàyé èyí lọ́dún 1957: ara kì í gba ènìyàn láti di ohun méjì tó ń ta kora mú. Bàbá tí kò fẹ́ kí ọmọ òun ta tẹ́tẹ́, tó sì ń fi ọmọ yẹn yan tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé ó lè jẹ́ èyí tó dáa ló máa yẹ̀: ó lè lọ sọ nínú ara rẹ̀ pé eré lásán ni. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìgbàmọ́ra Rogers nìyẹn. Tí ìtìjú bá pọ̀ jù, á sá lọ síbi tó rọrùn.

Èyí ló mú mi dé orí fóònù tí bàbá ọmọbìnrin yẹn ṣèlérí. Lọ́dún 1959, Festinger àti Carlsmith ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Stanford ṣe iṣẹ́ kan tó súni gan-an, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó kàn pé ó dùn. Wọ́n fún àwọn kan ní dọ́là 1, wọ́n fún àwọn kan ní dọ́là 20. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n lẹ́yìn náà, àwọn tó gba dọ́là 1 ló sọ pé iṣẹ́ náà dùn jù. Ẹni tó gba owó ńlá ti rí ìdí tó fi parọ́, kò sí ohun tó fẹ́ yí padà nínú rẹ̀. Bí fóònù yẹn bá tilẹ̀ gbé ọmọ náà dé kíláàsì, torí fóònù ló wá.

Ti ọlọ́kadà wa ò parí síbẹ̀. Ìrònú kan ń tì í lẹ́yìn: "Owó mi wà níbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ gbà á padà." Ọ̀nà Albert Ellis ni mo fi gbé e yẹ̀ wò: kì í ṣe owó tó sọnù ló ń mú un ta òmíràn, ohun tó gbà gbọ́ nípa owó náà ni. Mo ní kó máa kọ gbogbo ohun tó ta àti ohun tó jẹ sínú ìwé kékeré. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣírò gbogbo rẹ̀. Albert Bandura kọ́ wa lọ́dún 1977 pé ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà pé òun lè ṣe é, nítorí náà ohun kékeré la fi bẹ̀rẹ̀: kó san owó ẹni tó ni ọ̀kadà kó tó gba òpópónà ilé tẹ́tẹ́ kọjá. Nígbà tó yá, òun ló ní ká pe ìyá òun wọlé, òun náà ló bẹ̀ ẹ́ kó máa bá òun tọ́jú owó. Àwọn tó kọ àwọn tíọ́rì yìí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ènìyàn kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá. Níbí, ìyá ń bẹ níta, ó sì yẹ kó wọlé nígbà tí ọmọ bá pè é.

Ó tún padà sídìí tẹ́tẹ́ nígbà tí líìgì tuntun bẹ̀rẹ̀. Prochaska àti DiClemente, tí wọ́n ṣèwádìí lórí àwọn tó ń jáwọ́ nínú sìgá, fi hàn pé ìpele ìpele ni ìyípadà, àti pé ìfàsẹ́yìn sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, òun nìkan ló dá wá, kò sẹ́ni tó fà á.

Fún ọmọbìnrin tìrẹ, má tíì ronú bó o ṣe máa yí ìhà tó kọ sí ìwé padà. Kọ́kọ́ wádìí bóyá ìwé gan-an ló ń sá fún. Bi í ní ìkọ̀kọ̀ pé, "Kí lo máa ń rí ní kíláàsì yẹn tí ò jẹ́ kó o fẹ́ wọlé?" kó o sì dákẹ́. Má ṣèlérí pé o máa pa gbogbo ohun tó bá sọ mọ́. Tó bá jẹ́ pé olùkọ́ kan tàbí ẹlòmíràn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí tó ń fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti tíọ́rì nìyẹn. Lọ sọ fún agbaninímọ̀ràn àgbà tó ń tọ́ ọ sọ́nà lọ́jọ́ náà gan-an, kó o sì rí i pé ọmọ náà ò padà sọ́dọ̀ ẹni yẹn.