Ǹjẹ́ Ọlọ́run dárí ji Ádámù àti Éfà?

Ẹni tí ó béèrè láti ilẹ̀ Òkun níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogí, fẹ́ mọ̀ bóyá Ọlọ́run dárí ji àwọn òbí wa àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n jẹ èso igi tí a kà léèwọ̀. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 3 kò dárúkọ ìdáríjì rárá, a kò sì kà á níbẹ̀ pé àwọn méjèèjì tọrọ àforíjì. Ńṣe ni Ádámù di ẹ̀bi ru Éfà, tí Éfà náà sì dì í ru ejò. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ ka ìdájọ́ náà. Ejò àti ilẹ̀ ni Ọlọ́run fi bú, kò fi ènìyàn gan-an bú. Ìyà tiwọn ni ìrora ìbímọ, ikú, àti làálàá lórí ilẹ̀ tí ń hu ẹ̀gún àti òṣùṣú, èyí tí àgbẹ̀ tí ń kọ ebè iṣu ní Kàbà tàbí Ìsánlú mọ̀ dáadáa. Ní ẹsẹ 21, kí ó tó lé wọn kúrò nínú ọgbà, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi awọ ṣe ẹ̀wù, ó sì fi wọ̀ wọ́n. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àánú rẹ̀ ti hàn jù lọ.

Ọ̀pọ̀ àwọn Júù kò gbà pé a bí ẹ̀bi Ádámù mọ́ wa. Ẹ̀kọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí tí ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni ń kọ́ni wá láti inú Róòmù orí 5, gẹ́gẹ́ bí Augustine (354–430), bíṣọ́ọ̀bù àti olùkọ́ ìjọ àtijọ́, ti túmọ̀ rẹ̀.